Àkọ́bí mi ń bọ̀ lọ́nà: ẹ sọ bó ṣe máa ń rí gan-an fún mi

Aboyún Àkọ́kọ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa. Oyún mi pé ọ̀sẹ̀ 36 lánàá, àkọ́bí mi sì ni. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ọsibítù ìjọba ni mo ti forúkọ sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá rí ikùn mi ló ń gbàdúrà fún mi: wẹ́rẹ́ ni ewé ń bọ́ lára igi, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Mò ń ṣe àmín tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí wọ́n sọ bí nǹkan náà ṣe ń rí, wọ́n á ní "tó o bá débẹ̀, wàá mọ̀." Mo fẹ́ mọ̀ kí n tó débẹ̀ ni. Báwo ni mo ṣe máa dá ìrọbí mọ̀? Wákàtí mélòó ni? Ṣé dandan ni kí èèyàn ya? Tí ọmọ bá sì ti jáde tán, ìgbà wo ni ara máa ń padà bọ̀ sípò? Ìyá mi ti kú láti ọdún 2019, ìyá ọkọ mi kò sì sí nítòsí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi yín. Ẹ má fi nǹkan kan bò fún mi.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta

Àbúrò mi, Ọlọ́run á tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ rere. Jókòó kí n sọ ti àkọ́bí tèmi fún ọ.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi, ó ń mú mi, ó ń fi mí sílẹ̀. Nígbà tí mo lọ tọ̀, mo rí nǹkan tó ń yọ̀ bí ikun imú, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo pariwo pé ọmọ ti dé. Aago méjì òru la dé ọsibítù, wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n ní ẹnu ilé ọmọ kò tíì ṣí ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, kí n padà sílé lọ sinmi. Ẹkún ni mo sun délé. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo fi ń rìn yí pálọ̀ ká, mo ń mu ògì, mo ń wẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti yí padà. Tó bá mú mi, mi ò lè sọ̀rọ̀, ògiri ni mò ń dì mú. Ìbàdí ni tèmi ti ń wá, àfi bí ẹni pé wọ́n de okùn mọ́ mi níbẹ̀ tí wọ́n sì ń fún un. A padà lọ, wọ́n ní ó ti di sẹ̀ǹtímítà 5. Aago mẹ́rin ìdájí Àbámẹ́ta ni mo bí i.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé tí àkókò àti rin ọmọ jáde bá tó, bí ìgbẹ́ ló ń ṣe èèyàn. Mò ń pa á mọ́ra, ojú ń tì mí, àfìgbà tí nọ́ọ̀sì ní, "Ọmọ nìyẹn, má dá a dúró." Ìgbẹ́ díẹ̀ lè bá a jáde lóòótọ́. Wọ́n á nù ún kúrò, wọn ò ní sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn tí ọmọ jáde, ara mi wá ń gbọ̀n rìrì, eyín ń lu eyín, mo rò pé mò ń kú lọ ni. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi lọ, nígbà tí wọ́n fi aṣọ bò mí tí wọ́n sì fún mi ní tíì gbígbóná.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí

Ẹ ṣeun, Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ síbi wákàtí, torí ibẹ̀ ni àwa nọ́ọ̀sì àti àwọn aboyún ti máa ń ṣe gbólóhùn asọ̀. Ẹ̀yin ń kà á láti ìgbà tí ìrora ti bẹ̀rẹ̀. Àwa ń kà á láti ìgbà tí ẹnu ilé ọmọ bá ti ṣí dé sẹ̀ǹtímítà 5. Kó tó dé 5, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kò fi gbèdéke kankan sí i, torí ti obìnrin kan kò jọ ti ìkejì. Láti 5 dé 10, kì í sábà ju wákàtí 12 lọ fún àkọ́bí. Rírin ọmọ jáde kì í sábà ju wákàtí 3 lọ.

Tí ìrọbí bá ń mú ẹ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tó ìṣẹ́jú kan, tó sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan, gbéra. Bí ilé yín bá jìnnà tàbí ọ̀nà yín máa ń dí, má dúró tó bẹ́ẹ̀. Tí omi bá dà, máa bọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ìrora kankan kò bá tiẹ̀ sí. Wo àwọ̀ rẹ̀ kó o sọ fún wa: tó bá jọ ewé tàbí ó dúdú, ọmọ ti yàgbẹ́ sínú rẹ̀, a gbọ́dọ̀ mọ̀. Bákan náà ni tó o bá rí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, tàbí tí ọmọ kò bá yí nínú rẹ bó ṣe máa ń yí.

Nígbà tó bá ń mú ẹ, rìn, jókòó, rọ̀ mọ́ ẹni tó bá ẹ wá. Àwọn àgbà kò ṣèèṣì pè é ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Orí eékún ni àwọn ìyá wa ti ń bímọ kó tó di pé wọ́n ń ní kí obìnrin fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ibùsùn. Ó dùn mí pé púpọ̀ nínú wa, àwa òṣìṣẹ́, ṣì ń lọ́ra láti gbà kí aboyún kúnlẹ̀ tàbí kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Béèrè níbi tó o forúkọ sí. Béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n máa jẹ́ kí ẹnì kan dúró tì ọ́. WHO ní kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, mo sì ti rí i pẹ̀lú ojú mi pé obìnrin tí ọwọ́ ẹni tó mọ̀ wà léjìká rẹ̀ kì í bẹ̀rù tó ẹni tó dá wà.

Bí ọmọ bá ti jáde, a máa gún ọ ní abẹ́rẹ́ oxytocin 10 yúníìtì sí itan kí ilé ọmọ lè fún pọ̀. Má kọ̀ ọ́. A máa dúró bí ìṣẹ́jú 1 sí 3 kí a tó gé ìwọ́. Ibi ọmọ sábà máa ń tẹ̀lé e láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àyà rẹ ni kí ọmọ wà, kó sì mu ọmú láàárín wákàtí àkọ́kọ́.

Ní ti yíya: nínú àwọn tó ń bí àkọ́bí mẹ́wàá lójú ara, ó lè tó mẹ́sàn-án tí yóò ya, tí yóò bó, tàbí tí a ó gé díẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ kò jìn. A máa rán an, okùn náà á yọ́ fúnra rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rán ọ láìfún ọ ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ara kú, sọ̀rọ̀ sókè.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta

Kí n fi èyí kún un: ìtọ̀ máa ta ẹ níbi tí wọ́n ti rán. Fi kọ́ọ̀pù bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, máa dà á síbẹ̀ bó o ṣe ń tọ̀. Ìgbẹ́ àkọ́kọ́ náà ń dẹ́rù ba èèyàn ju bó ṣe tó lọ. Mu omi, jẹ ẹ̀fọ́, jẹ ìbẹ́pẹ, má pa á mọ́ra. Okùn kò ní já.

Màmá Ìjẹ̀bú

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń kà yín bọ̀, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ omi gbígbóná. Mo bí márùn-ún, mo wẹ ọmọ-ọmọ mẹ́jọ. Láti ọjọ́ kejì ni a ti máa ń fi táwẹ́ẹ̀lì àti omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá ìkókó kí ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí lè jáde, a ó sì ní kó jókòó lé omi gbígbóná tó ní iyọ̀. Ẹni tí wọn ò bá ṣe é fún, ikùn rẹ̀ á tóbi títí ayé. Ọmọ mi, wá ẹni tó máa ṣe é fún ọ.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí

Màmá, ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí láyè díẹ̀ níbí.

Ilé ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń sún kì padà sípò. Ní ọjọ́ ìbímọ, orí rẹ̀ wà ní ìwọ̀n ìdodo. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti wọlé sábẹ́ egungun, ọwọ́ kò lè bà á mọ́ láti òde. Nígbà tó bá fi di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kéré bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà á máa jáde láìsí pé a tẹ ikùn: pupa fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà á pọ́n rúsúrúsú, á wá di funfun. Inú tó ń run ìyá nígbà tí ọmọ bá ń mu ọmú, ilé ọmọ ló ń sún kì. Mo ti tọ́jú ìyá ìkókó tí omi gbígbóná bó ní ìdí, lórí ojú ibi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rán. Kò lè jókòó, kò lè fún ọmọ lọ́mú dáadáa. Ẹni tí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kí ẹnikẹ́ni má tẹ ikùn rẹ̀ rárá.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dára. Ẹ ti ìgunpá bọ̀ ọ́. Tí ìgunpá kò bá lè gbà á, ìdí kò lè gbà á. Ẹ má da Dettol tàbí Izal sí i.

Màmá Ìjẹ̀bú

Mo gbọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà, nọ́ọ̀sì: kì í ṣe omi nìkan ni a ń gbé fún un. Tí mo bá wẹ ìyá ìkókó láàárọ̀, mo ń wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo ń wo ọmú rẹ̀, mo ń wo ojú rẹ̀ bóyá ó sùn. Mo ti fi iṣẹ́ ìwẹ̀ yìí mọ̀ pé ìyàwó ọmọ mi ní ibà kó tó sọ. Tí ẹ bá gba omi gbígbóná lọ́wọ́ wa, ẹ má gba ẹni tó ń gbé e wá.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí

Màmá, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Mi ò ní èsì kankan sí ìyẹn ju kí n ní ẹ ṣeun.

Mo Fi Abẹ Bí

Mo dúpẹ́ pé wọ́n mẹ́nu ba iṣẹ́ abẹ. Láti oṣù karùn-ún oyún mi ni wọ́n ti ń gbàdúrà pé "abẹ kò ní kàn ọ́." Ọjọ́ tó wá kàn mí, lẹ́yìn tí mo ti ń rọbí fún wákàtí 14 tí ọkàn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, mo sọ fún dókítà pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbìyànjú sí i, torí mo rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni mo ṣẹ̀ tí àdúrà kò fi gbà. Ọmọ mi ì bá ti kú sínú mi nítorí ìtìjú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń gbàdúrà fún aboyún, ẹ gbà á pé kó bí ire, kí ẹ fi ọ̀nà tó máa gbà sílẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n fún mi. Mo lajú, mo ń gbọ́ ohùn wọn, mo mọ̀ pé ọwọ́ wà nínú mi tó ń fa nǹkan, ṣùgbọ́n kò dùn mí. Ọjọ́ kejì ló nira. Wọ́n yọ rọ́bà ìtọ̀, wọ́n ní kí n dìde rìn. Mo rò pé ikùn mi máa là. Ìrìn yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì síni lẹ́sẹ̀, ẹ rìn ín. Tó o bá fẹ́ wúkọ́ tàbí rẹ́rìn-ín, fi ìrọ̀rí ti ojú abẹ náà. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, má gbé ohunkóhun tó wúwo ju ọmọ lọ.

Ojú Mi Ti Là

Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọkàn. Ní ọjọ́ kẹta tí ọmú bá kún tó le bí òkúta, ọ̀pọ̀ ìyá ló máa ń sunkún láìmọ ohun tó fà á. Ìyẹn máa ń lọ kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Tèmi kò lọ. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, oyin, iyọ̀ àti obì wà lórí tábìlì, gbogbo ilé ń jó, èmi wà nílé ìgbọ̀nsẹ̀, mò ń rò pé ọmọ yìí ì bá ti rí ìyá tó sàn ju èmi lọ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni mo máa sọ? Wọ́n ti ń sọ fún mi pé àwọn kan ń wá ọmọ, wọn ò rí.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà tí mo gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ni nọ́ọ̀sì kan jókòó tì mí tó bi mí ní ìbéèrè mẹ́wàá láti inú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Edinburgh. Wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n sì ti fi yẹ àwọn obìnrin wa wò. Àìsàn ni, ìsoríkọ́ lẹ́yìn ìbímọ ni orúkọ rẹ̀, ó ní ìtọ́jú. Wọ́n fún mi lóògùn tí mo lè lò nígbà tí mo ń fún ọmọ lọ́mú. Ó gbà mí tó oṣù mẹ́rin.

Èyí tí àwọn àgbà ń pè ní àbísínwín yàtọ̀ sí tèmi. Òun máa ń yára dé, láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ: ìyá kò sùn rárá, ó ń gbọ́ ohùn, ó ń fura sí gbogbo èèyàn, ó lè ní ọmọ náà kì í ṣe ọmọ òun. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ ọsibítù. Ẹ má fi òun àti ọmọ sílẹ̀ nìkan. Kí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà máa gbà á lójú ọ̀nà.

Bàbá Ìkókó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ọkùnrin kan láyè. Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn tí ìyàwó mi bímọ, ó ní ó kàn ń rẹ òun. Àwọn àlejò ní bẹ́ẹ̀ ni ìyá ìkókó ṣe ń rí. Mo ka páàdì tó wà nínú ike ìdọ̀tí, mo rí i pé mẹ́ta ló ti rin gbindin láàárín wákàtí kan àbọ̀. Mo gbé e, a lọ. Wọ́n ní apá kan ibi ọmọ ṣẹ́ kù sínú. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fa àpò ẹ̀jẹ̀ méjì sí i lára. Ẹ̀jẹ̀ tí mo ti fi sílẹ̀ nígbà oyún ló jẹ́ kó rọrùn. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí oṣù tó pé. Kí ẹ sì máa ka páàdì.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí

Bàbá Ìkókó, ojú yín ló gba ẹ̀mí yẹn là. Ìdí tí a fi ń pàdánù àwọn ìyá ni pé ẹni tó ń wo ẹ̀jẹ̀ á ní kò pọ̀. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2023. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó ní àmì òṣùwọ̀n sábẹ́ ìdí ìyá kí wọ́n lè rí iye ẹ̀jẹ̀ gan-an, tó bá sì ti pọ̀ jù, wọ́n ń ṣe gbogbo ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà dípò kí wọ́n máa tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ewu ẹ̀jẹ̀ dídà tó le gan-an, iṣẹ́ abẹ nítorí ẹ̀jẹ̀ àti ikú fi ìdá 60 nínú 100 dín kù.

Nílé, tí páàdì bá rin láàárín wákàtí kan, tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì ńlá bá jáde, máa bọ̀. Ibà, omi ojú ara tó ń rùn, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú tó sì ń dun ni, máa bọ̀. Orí fífọ́ tó le, tí ojú ń ṣú, pàápàá tí o bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru nígbà oyún, má ṣe sùn lé e. Gìrì aboyún lè mú ìyá lẹ́yìn tó ti bímọ tán.

Ìyá Peckham

Láti London ni mo ti ń kí yín. Níbí, agbẹ̀bí ń wá sílé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, wọ́n sì ń yẹ ìyá wò ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ọkọ mi padà síbi iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó wá ku èmi àti ọmọ nínú yàrá kan. Aboyún Àkọ́kọ́, nítorí màmá tó ti lọ, wá ẹni kan báyìí kí ọmọ tó dé. Fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn, fi ọjọ́ tó máa wá sọ́kàn.

Aboyún Àkọ́kọ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo kà á fún ọkọ mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ti gbà láti wá láti Ọ̀yọ́ fún oṣù kan. Aṣọ ọmọ ti wà nílẹ̀, mo ti fọ̀ ọ́, mo ti fi káńfọ̀ sí i kí kòkòrò má jẹ ẹ́. Kí ló tún kù?

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí

Káńfọ̀ kẹ̀! Kó káńfọ̀ náà jáde lálẹ́ yìí, tún gbogbo aṣọ náà fọ̀, sá a sóòrùn. Àwọn ọmọ kan wà tí èròjà G6PD inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, ó wọ́pọ̀ láàárín wa, pàápàá lára ọmọkùnrin. Òórùn káńfọ̀ máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn, ara àti ẹyinjú wọn á pọ́n rúsúrúsú, ó sì lè ba ọpọlọ jẹ́. Tí o bá rí i bẹ́ẹ̀ lára ọmọ, ọsibítù ni, kì í ṣe oòrùn àárọ̀, kì í ṣe omi glúkóòsì.

Fún ìwọ́ ọmọ, ra jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine tó ń pa kòkòrò àrùn. Má fi ọṣẹ ìfọyín tàbí ewé sí i. Omi ọmú àkọ́kọ́ tó pọ́n tó sì ki, má fún un dànù. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ikùn ọmọ náà kéré. Kò nílò omi, kò nílò àgbo, ọmú nìkan títí oṣù mẹ́fà. Tí orí ọmú bá ń bó, ọmọ kò gbá a mú dáadáa ni. Jẹ́ kí ó la ẹnu gbàgà, kó gbá ibi dúdú náà mọ́ ọn.

Aboyún Àkọ́kọ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọbìnrin ni! Ó pé ọjọ́ mọ́kànlá lónìí. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi, wákàtí 22 ni. Mo kúnlẹ̀ di ìrọ̀rí mú fún apá tó pọ̀ jù, nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ gbà fún mi. Mo ya díẹ̀, wọ́n rán an, mo béèrè abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó rán an. Nígbà tí ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo sọ fún ọkọ mi pé "wọ́n ti sọ èyí," ẹ̀rù kò bà mí. Orúkọ ìyá mi wà nínú orúkọ rẹ̀.

Ìbéèrè kan: ẹ̀jẹ̀ ti ń pọ́n lọ sí rúsúrúsú, àná ló tún pupa. Páàdì kan látàárọ̀ dọ́sàn-án, kò rùn, ibà kò sí.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí

Ẹ kú ewu ọmọ! Ẹ kú ọwọ́ lómi! Kí lo ṣe lánàá?

Aboyún Àkọ́kọ́

Mo pọn omi láti ìsàlẹ̀. Kẹ̀ẹ̀gì mẹ́rin.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí

Ohun tó fà á nìyẹn. Dùbúlẹ̀ lónìí àti lọ́la, máa ka páàdì. Tí kò bá dín kù títí ọ̀la alẹ́, tàbí tó bá pọ̀ sí i, lọ sí ọsibítù. Gbé fóònù yìí fún ọkọ rẹ kó ka ọ̀rọ̀ kẹ̀ẹ̀gì yìí.

Aboyún Àkọ́kọ́

Ó ti kà á. Ó ti lọ pọn omi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń gbé omi ìwẹ̀ wọlé bọ̀, ó ti ti ìgunpá bọ̀ ọ́.